Máàkì Tí Mo Ń Fà Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì wọ girama fún ọdún kan péré kí ìyá mi tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ àti máàkì lọ. Bí mo bá tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí mo fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ bá mi fara dà á. Ọ̀rọ̀ máàkì yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ládùúgbò tí ilé ti fara ti ilé débi pé bí wọ́n bá ń dín ata nílé kejì, àwa là ń sín. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, pákó ni àtẹ̀gùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbà á, tó sọ ọ́ di ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, tàbí tí àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó níbí ṣùgbọ́n tí wọn kò ráyè. Mátírọ́ọ̀nù là ń pè é. Arúgbó mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ń sùn ní yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, nísàlẹ̀. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ jí.

Ojú máa ń tì mí. Bí àlejò bá wọlé, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Mátírọ́ọ̀nù a ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé abẹ́rẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Ìwé kan wà lára ògiri pálọ̀ òkè, tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí. Orúkọ àwọn arúgbó wà lápá kan. Wọ́n kọ oúnjẹ, oògùn àti ìwẹ̀ sí òkè. Bí mo bá ti ṣe nǹkan fún ẹnì kan, kí n fa máàkì sí ojú tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, Mátírọ́ọ̀nù na ìka sí ìwé náà, ó ní, "Ohun tí o kò bá máàkì, o kò ṣe é. Bí ìjọba bá dé, ìwé yìí ni wọ́n máa bi, wọn ò ní bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bí ó ṣe rò lọ. Èmi tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí ní nǹkan kan, mo wá fẹ́ràn ìwé náà bí ẹni fẹ́ràn ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í gbẹ láàárọ̀. Bí mo bá wẹ̀ fún ẹnì kan tán tí mo fọwọ́ kan ìwé, ìwé á tutù, báírò á sì kọ̀, kò ní kọ nǹkan kan. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo máàkì àárọ̀ sílẹ̀ kí n tó bu omi àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ìrun àsùbáà. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé màá ṣe gbogbo rẹ̀. Mo sì ń ṣe é lóòótọ́. Àfi ti ẹnì kan.

Àlàájà ni ẹni náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ṣúgà ló tà ní Òkè Àrin láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, páálí lórí páálí, àpò lórí àpò, ṣúgà náà ló sì wá di àìsàn sí i lára. "Oníbàárà mi ló padà wá gba ṣéńjì," á wí bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń lo oògùn ṣúgà, láàárọ̀ àti lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ yìí ni Mátírọ́ọ̀nù máa ń tẹnu mọ́. Ó ti kọ́ mi pé bí oògùn yẹn bá wọ ikùn òfìfo, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ẹni náà á máa làágùn tútù, á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, bí wọn kò bá sì tètè fún un ní nǹkan dídùn, ó lè sùn kó má jí mọ́.

Okùn funfun kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí Àlàájà tí ó ta kókó púpọ̀. Nígbà èwe rẹ̀, bí oyún bá wà nínú rẹ̀ tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú nínú oṣù Ràmàdáánì, kò lè gbààwẹ̀, ọjà kò sì jẹ́ kó ráyè san án padà. Ọmọ mẹ́jọ ló bí. Kókó kan dúró fún ọjọ́ kan. Ní báyìí tí kò ní ọjà mọ́, gbogbo Atíní àti Àlàmísì ló fi ń san ààwẹ̀ náà, bó bá sì ṣínu tán, á tú kókó kan. Lọ́jọ́ tó fi okùn náà hàn mí, mọ́kàndínlógójì ló kù.

"Má sọ fún Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Bó bá gbọ́, á pe àwọn ọmọ mi lórí fóònù, wọ́n á sì máa pariwo láti ìlú òyìnbó. Ohun tí mo jẹ Ọlọ́run kò ṣeé gbé wọ sàréè."

"Oògùn yín ńkọ́, mà?"

"Màá máa lo ti alẹ́. Ti àárọ̀, máa bá mi kó o síbí." Agolo kékeré kan tí wọ́n ti jẹ mẹ́ńtọ́ inú rẹ̀ tán ló nà sí mi.

Ẹ ti mọ̀ pé ọmọ ogún ọdún kì í wo ojú irú àgbà bẹ́ẹ̀ kó ní rárá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà."

Ògì àti mọ́ín-mọ́ín rẹ̀ ní ọjọ́ ààwẹ̀, Bàbá tó wà ní yàrá kejì ló ń jẹ ẹ́. Mẹ́sẹ́ńjà ni bàbá náà ní báńkì kan ní Marina kó tó fẹ̀yìn tì, ó ṣì máa ń wọ táì lọ́jọ́ Ajé. Bó bá jẹun tán, á nu ẹnu, á ní, "Àlàájà, ẹ má jẹ́ kí kókó yẹn tètè tán o. Ààwẹ̀ yín ló ń mú mi sanra."

"Alájẹkì," Àlàájà á dá a lóhùn. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ló máa jẹ́rìí lé mi lórí lọ́run."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ fún bí oṣù méjì. Máàkì Àlàájà kò yẹ̀ lójú oúnjẹ, kò yẹ̀ lójú oògùn.

Wolé-wolé dé ní Àlàmísì kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn arúgbó ṣe ń pe àwọn tí ìjọba ń rán wá yẹ ilé ìtọ́jú wò. Wọn kò kọ lẹ́tà ṣáájú. Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ ààbọ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo rí obìnrin kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, tó fi ìborí bo orí, fáìlì lábẹ́ apá, tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo ti rò pé ẹni tó bá máa wá ti ilé pa á fajú ro.

Mátírọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò tíì bọ́ gèlè. Wọ́n jọ gòkè lọ sí pálọ̀.

"Wolé-wolé tiwa láyé àtijọ́," Bàbá kígbe láti orí àga rẹ̀, "tanwíjí ni wọ́n ń wá nínú ìkòkò omi. Ẹ̀yin ńkọ́, ìyáàfin, kí lẹ ń wá?"

"Tanwíjí náà ni, bàbá," obìnrin náà dáhùn. "Ibi tó ń fara pamọ́ sí ló yàtọ̀."

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín.

Ó di igi ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó mì í, igi náà mì díẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ká ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí Mátírọ́ọ̀nù fi rí kọ́kọ́rọ́. Ó gbé ìmú sún mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ wọn. Nígbà tó dé iwájú ìwé ara ògiri, ó dúró. Ó wò ó pẹ́. N kò mọ ohun tó rí nígbà náà.

"Ìwé yìí mọ́ o," ó ní. "Ta ló ń ṣe é?"

Mátírọ́ọ̀nù fi ọwọ́ tì mí síwájú. "Òun ni. Kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ ó mọṣẹ́."

Kò yìn mí lójú ẹlòmíràn rí.

"Oògùn àárọ̀ ńkọ́?"

"A fẹ́ pín in lẹ dé, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pín in lójú mi."

Mo gbé àwo oògùn àti ife omi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí obìnrin náà gba ìpè kan lórí fóònù kí n tó dé ọ̀dọ̀ Àlàájà. Fóònù rẹ̀ kò dún.

"Oògùn ṣúgà nìyí," ó ní nígbà tí mo dúró níwájú Àlàájà. "Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Agogo méje ni gbogbo wọ́n jẹun," Mátírọ́ọ̀nù dáhùn. "Ó wà nínú ìwé."

Obìnrin náà kò wo ìwé. Èmi ló wò. "Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Orí mi ló mì kí ẹnu mi tó là. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ohùn mi kò ju ti yànmùyánmú lọ. Bàbá ń wo orúnkún ara rẹ̀. Mọ́ín-mọ́ín ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Àlàájà gbójú sókè sí mi. Ó lè sọ pé ààwẹ̀ lòun wà. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ ọ́, mo sì rí i tó wo Mátírọ́ọ̀nù, tó wo fáìlì, tó tún wo èmi. Ó na àtẹ́lẹwọ́. "Bísímílàáhì," ó ní, ó gbé oògùn náà mì pẹ̀lú omi díẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lọ yẹ ilé ìdáná wò, mo kúnlẹ̀ tì í.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Ògì ṣì wà."

"Jẹun kẹ̀? Ààwẹ̀ ni mo wà."

"Ẹ ti lo oògùn, mà. Ààwẹ̀ ti bàjẹ́."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé ìwọ ni àfáà mi? Ebi kọ́ ló mú mi gbé e mì. Torí tìẹ ni. Ọlọ́run sì mọ̀ pé torí tìẹ ni. Màá pa ẹnu mi mọ́ títí di Mọ̀gàríbì."

"Àlàájà, ó léwu. Omi ṣúgà díẹ̀ péré…"

"Lọ ṣiṣẹ́ ẹ. Wolé-wolé wà nílé."

Bàbá fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Àlàájà, ẹ dákun, ẹ fẹnu kan nǹkan."

"O ti jẹ ẹ́ fún mi ná, Alájẹkì," ó ní, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ wa, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Mo gbé garawa, mo lọ nu àtẹ̀gùn. Mẹ́rìnlá ni àtẹ̀gùn náà. Mo nù ún dé ìsàlẹ̀, mo tún padà sókè. Bí mo bá sọ, wọ́n á ti ilé yìí. Àwọn mẹ́sàn-án á máa lọ síbo? Mátírọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní mo mọṣẹ́, ojú wo ni màá fi wò ó? Èmi náà á padà sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ọbalẹ́ńdé, níbi tí a ti ń sùn mẹ́rin lórí ẹní kan, tí àǹtí náà máa ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni màá di èèyàn. Bí n kò bá sọ, bóyá kò ní sí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni nǹkan kì í ṣẹlẹ̀. Mo ń wí bẹ́ẹ̀ sí ara mi, mo ń fún aṣọ inulẹ̀ títí omi rẹ̀ fi tán.

Mo yọjú wo Àlàájà. Tẹ̀sùbáà ń yí ní ìka rẹ̀.

Obìnrin ayẹ̀wò kọjá níwájú mi lórí àtẹ̀gùn, ó lọ wo ilé ìwẹ̀. "Ọmọ yìí, ó ti mọ́," ó ní. "Kí àwọn àgbà má lọ yọ̀ ṣubú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo tún ki aṣọ bọ inú garawa. Ó tún sọ̀kalẹ̀ lọ.

Mo tún yọjú. Tẹ̀sùbáà ti dúró.

Nígbà kẹta, mo wọlé lọ bá a. Òógùn ti bo ètè òkè rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Ó ṣí ojú, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

"Páálí mélòó lẹ fẹ́?" ó bi mí. "Ẹ yà kúrò lọ́nà fún alábàárù. Ẹ yà, ẹ yà!" Ìka rẹ̀ ń ka nǹkan tí n kò rí, ó ń gbọ̀n bó ṣe ń kà á.

Òkè Àrin ló wà. Kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

Ilé ìdáná ni ṣúgà wà. Ilé ìdáná ni àwọn méjèèjì wà. N kò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá yẹn. Mo kàn bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà, mo rí obìnrin náà tó ń pa fáìlì rẹ̀ dé, tí Mátírọ́ọ̀nù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wò mí.

"Kí ló dé?" Mátírọ́ọ̀nù bi mí.

"Kò jẹun." Mo gbọ́ ohùn kan tó pariwo nínú ilé ìdáná, kò pẹ́ kí n tó mọ̀ pé tèmi ni. "Àlàájà kò jẹun láti àná. Ààwẹ̀ ló wà. Irọ́ ni mo pa, irọ́ ni máàkì yẹn. Ó ti ń ṣìwí. Ẹ fún mi ní ṣúgà."

Mátírọ́ọ̀nù kò bá mi wí. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo da ṣúgà sínú omi, ó ń dà sí ilẹ̀, mo sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí mo dókè, ó ti gún ìka Àlàájà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó gba ife lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n Àlàájà pa eyín dé, ó ń mi orí. Nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn náà, ó ṣì mọ̀ pé ààwẹ̀ lòun wà.

Obìnrin ayẹ̀wò gbé fáìlì rẹ̀ sí ilẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu sí etí rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀mí yín ni Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ yín báyìí, kì í ṣe ààwẹ̀. Ẹ mu ún. Ó dọwọ́ mi."

Ó mu ún. Ó mu díẹ̀, ó sinmi, ó tún mu. Mo dúró tì wọ́n, mo di ìbòrí bẹ́ẹ̀dì mú, n kò lè jẹ́ kó lọ. Mo ń wo ìka rẹ̀ tó ń ka páálí. Ó pẹ́ kí ìka náà tó dúró. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ tó ti ń lẹ̀.

"Ta ló da ṣúgà sí mi lára?" ó ní.

Bàbá bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ojú Àlàájà wálẹ̀ tán, tó rí agolo mẹ́ńtọ́ tí oògùn àárọ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nù, ó mọ̀. "O tú àṣírí mi," ó wí fún mi, ó sì kọjú sí ògiri.

Obìnrin ayẹ̀wò pè mí sí pálọ̀. Ó ní kí n jókòó, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe ìwé náà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, mo ń wo ilẹ̀.

"Mo ti rí i láti àárọ̀," ó ní. "Máàkì oògùn ti wà lójú ìwé kí o tó fọwọ́ kan oògùn. Mo ń dúró kí ẹnì kan sọ fún mi ni. N kò mọ̀ pé ti oúnjẹ náà wà nínú rẹ̀." Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ tí ṣúgà wà lára rẹ̀. "Àwọn arúgbó wo ni kì í kọ̀ láti jẹun? Ibi tí mo bá dé, àlàfo máa ń wà nínú ìwé wọn. Ẹnì kan bínú, kò wẹ̀. Ẹnì kan ní ẹnu òun korò. Tiyín kò ní ẹyọ kan."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí igi àtẹ̀gùn àti ìwé kò bá sì tíì dáa, ilé máa wà ní títì. Kó tó lọ, ó yà sọ́dọ̀ Àlàájà. "Ìyá, ẹ mọ̀ pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ mọ́, aláìní ló máa bọ́. Abọ́ oúnjẹ kan fún ọjọ́ kan."

"Mo mọ̀ kí wọ́n tó bí ọ," Àlàájà wí fún ògiri. "Ta ló fẹ́ bá mi gbé e lọ? Ṣé ẹsẹ̀ yìí ni màá fi sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn?"

Mátírọ́ọ̀nù múra láti lọ sílé. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti ní, "Lọ́la ni màá mọ ohun tí màá ṣe sí ọ." Àlàájà lo oògùn alẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn oúnjẹ, kò wò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe Jímọ̀, mo jí kí wọ́n tó pe ìrun. Báírò wà lórí ìṣó tí a fi kọ́ ìwé náà. N kò fọwọ́ kàn án. Mo po ògì, mo bu tèmi sínú abọ́, mo gbé mọ́ín-mọ́ín lé e, mo dé e, mo jáde. Bàbá afọ́jú kan máa ń jókòó lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí tó wà nígun ọ̀nà wa. Mo gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́. "Lọ́wọ́ Àlàájà kan tí kò lè gbààwẹ̀ ni," mo ní. Kò bi mí léèrè orúkọ rẹ̀. Mo dúró títí ó fi lá abọ́ náà, mo gbà á, mo padà sílé.

Mo gbé abọ́ òfìfo náà sórí tábìlì Àlàájà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògì tirẹ̀. N kò sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ó wo abọ́ náà, ó wo eruku ẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó fa okùn rẹ̀ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbìyànjú kókó kan, èékánná rẹ̀ kò gbé e, ó sì na okùn náà sí mi. Mo tú u.

Ó jẹun. Mo jókòó tì í, mo ń kà á nínú mi. Nígbà tó tì í sẹ́yìn, mo fi etí ìró mi nu ọwọ́ títí ó fi gbẹ, mo lọ sí pálọ̀, mo mú báírò, mo sì kọ ọ́ sí ojú tirẹ̀, níbi tí máàkì máa ń wà: ṣíbí mẹ́sàn-án.